Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Wọn Agbára àti Ìdúróṣinṣin Gíríìdì Iná

7.1 Ibo ni iná lọ?

Bí iná bá lọ lójijì ní Kétu, ní ìlú Èkó, lálẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu gbogbo àdúgbò: "NEPA ti mú iná!" NEPA gan-an ti kógbá wọlé láti ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Ikeja Electric ló sì ń pín iná fún ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, tí Kétu wà nínú rẹ̀, láti oṣù kọkànlá ọdún 2013, àmọ́ orúkọ àtijọ́ ló ṣì mọ́ wa lẹ́nu. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ń bo ohun mẹ́rin tí kò jọra mọ́lẹ̀. Fíúsì lè ti jó lára tíráńsífọ́mà àdúgbò. Ẹ̀ka igi lè ti já lu wáyà fídà. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lè ti pa fídà kan kí wọ́n lè fún òmíràn, torí pé ìpín tó kàn wọ́n kò ká gbogbo àdúgbò. Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù: gíríìdì gbogbo Nàìjíríà lè ti dojú dé.

A lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì láìní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ fíúsì ni, òpópónà kejì yóò máa tàn. Bó bá jẹ́ fídà, ọ̀pọ̀ òpópónà ni yóò ṣókùnkùn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ọjọ́ta tàbí Ògùdù lè ṣì ní iná. Bó bá jẹ́ gíríìdì, pe ẹnì kan ní Ìbàdàn, kí o sì pe ẹlòmíràn ní Kánò: ìṣẹ́jú kan náà ni iná lọ mọ́ gbogbo yín lójú. Ẹ̀kẹrin yìí la ó gbájú mọ́ jù.

Rántí ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá ń tú u sílẹ̀, tíráńsífọ́mà á gbé e sókè sí 330 kV kó lè rìn jìnnà láìṣòfò púpọ̀. Bó bá súnmọ́ ìlú, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 132 kV, lẹ́yìn náà 33 kV, lẹ́yìn náà 11 kV, kí tíráńsífọ́mà àdúgbò tó wá sọ ọ́ di 415 V láàárín fésì méjì, àti nǹkan bí 230 sí 240 V nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin, tó ní ẹ̀rọ mẹ́fà tí ìkọ̀ọ̀kan lè mú 220 MW wá, wà ní agbègbè Ìkòròdú, kò sì jìnnà sí Mile 12. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìsúnmọ́ yìí yẹ kó ṣe wá láǹfààní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí gíríìdì ń da iná wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n sì ń yí pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó jó ní Jẹ́bbà tó jìnnà sí wa fi lè sọ ọjà Mile 12 di òkùnkùn.

7.2 Nọ́mbà tí ìwé ìròyìn ń pariwo

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n kéde pé iná tó gba orí gíríìdì Nàìjíríà kọjá 5,800 MW, pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n títóbi ni nọ́mbà yẹn. Kò sọ bóyá gíríìdì náà lágbára. Nọ́mbà kejì tí wọ́n máa ń kà ni iye ọjọ́ tí gíríìdì ti lò láì dojú dé. Láti ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2022 dé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọjọ́ 421 ni gíríìdì fi wà láì wó pátápátá. Ní òpin ọjọ́ 421 yẹn, iná kan tó jó ohun èlò ní òru kan ló gbé e ṣubú. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ṣubú. Nítorí náà, iye ọjọ́ àlàáfíà kò lè sọ fún wa bí gíríìdì yóò ṣe ṣe nígbà tí ìjàǹbá bá dé.

Nínú ìwé yìí, bí a bá sọ pé gíríìdì lágbára, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé fíríkúẹ́ńsì àti fọ́ltéèjì rẹ̀ kì í yẹ̀ púpọ̀ nígbà tí nǹkan ńlá bá já kúrò lára rẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé ẹrù tuntun lé e. Bí a bá sọ pé ó dúró ṣinṣin, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé lẹ́yìn tó ti yẹ̀, ó lè padà sí ipò tó bójú mu fúnra rẹ̀. Gíríìdì lè yẹ̀ díẹ̀ kó má sì padà. Ó sì lè yẹ̀ gan-an kó padà. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ wọ̀n.

7.3 Fíríkúẹ́ńsì: ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò

Iná tó ń bọ̀ láti gíríìdì kì í sáré sí ojú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye ìgbà yìí là ń pè ní fíríkúẹ́ńsì, Hz sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n fi sọrí Heinrich Hertz, onímọ̀ ará Jámánì. Bí iná tí àwọn ẹ̀rọ ń mú wá bá dọ́gba rẹ́gí pẹ̀lú èyí tí a ń lò, fíríkúẹ́ńsì á dúró sí 50 Hz. Bí a bá ń lò ju bí wọ́n ṣe ń mú wá, àwọn ẹ̀rọ ńlá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, fíríkúẹ́ńsì á sì wálẹ̀. Bí a kò bá lò tó, wọ́n á yára jù, á sì ròkè. Òfin gíríìdì Nàìjíríà fẹ́ kó wà láàárín 49.75 Hz àti 50.25 Hz ní ọjọ́ tí nǹkan dára, ó sì gbà kó yẹ̀ dé 48.75 Hz tàbí 51.25 Hz nígbà ìnira. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru wà ní ibùdó ìṣàkóso gíríìdì ní Òṣogbo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Mínísítà ètò iná, Adébáyọ̀ Adélàbú, fi nọ́mbà ohun tó ṣẹlẹ̀ síta ní ọjọ́ náà, ẹ̀bùn ńlá sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní agogo méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú 35, iná ṣẹ́ yọ lára ohun èlò orí wáyà 330 kV tó so Kàìńjì mọ́ Jẹ́bbà. Fíríkúẹ́ńsì já láti 50.29 Hz sí 49.67 Hz. Iná tí gíríìdì pàdánù láti Jẹ́bbà jẹ́ 356.63 MW.

Ìṣirò 7.1. Mélòó ni gíríìdì pàdánù kí fíríkúẹ́ńsì tó wálẹ̀ ní 1 Hz?
Ìyàtọ̀ fíríkúẹ́ńsì: 50.29 − 49.67 = 0.62 Hz
Bí gíríìdì ṣe le tó: 356.63 ÷ 0.62 = 575 MW fún 1 Hz, bí a bá yọ ìdá kúrò.

Nọ́mbà 575 yìí ni mo fẹ́ kí o di mú nínú orí yìí. Òun ló ń sọ agbára, kì í ṣe 5,800. Bó bá ṣe tóbi tó ni gíríìdì ṣe le tó.

Fi wé gíríìdì Britain. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2019, mànàmáná sán lu wáyà kan, ilé-iṣẹ́ amúnáwá méjì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké sì já kúrò tẹ̀léra-tẹ̀léra. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n pàdánù jẹ́ nǹkan bí 1,878 MW, fíríkúẹ́ńsì sì wálẹ̀ dé 48.8 Hz. Pín 1,878 sí 1.2, o ó rí nǹkan bí 1,565 MW fún 1 Hz. Ìfiwéra yìí kò gún régé tán, torí pé ìpàdánù tiwọn kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn bátìrì ńlá sì ràn wọ́n lọ́wọ́; ṣùgbọ́n ó fi hàn pé gíríìdì wọn le ju tiwa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fíríkúẹ́ńsì fúnra rẹ̀ gé iná mọ́ àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù kan, ọkọ̀ ojú irin há sí ojú ọ̀nà yíká Lọ́ńdọ́ọ̀nù, gíríìdì sì dúró. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti dá iná gbogbo ilé padà.

Padà wo tiwa. Ohun méjì ló yẹ kó gba àfiyèsí rẹ. Èkíní, 50.29 Hz tí ó wà kí ohunkóhun tó jó ti kọjá 50.25 Hz tí òfin fi lélẹ̀. Iná tí wọ́n ń mú wá lóru yẹn ti ju èyí tí à ń lò lọ. Gíríìdì kò dọ́gba kí ìjàǹbá tó bá a. Èkejì, 49.67 Hz kò burú tó láti pa gíríìdì. Ó ṣì ga ju 48.75 Hz dáadáa. Síbẹ̀ gíríìdì ṣubú. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ pé fíríkúẹ́ńsì nìkan kò tó wọ̀n. Bí wáyà ńlá kan bá já, iná tó ń gba orí rẹ̀ kọjá á ya sórí àwọn wáyà tó kù. Ẹrù á pọ̀ jù fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ aṣọ́ rẹ̀ á gé e kúrò, ẹrù tún ya sórí èyí tó kù. Fọ́ltéèjì á máa ròkè níbì kan, á máa wálẹ̀ níbòmíràn, àwọn ẹ̀rọ amúnáwá á sì máa já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba ara wọn là. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́.

Kíyè sí ohun tó jó pẹ̀lú. Ní 2023, ọ̀kan nínú ohun èlò tí iná mú ni èyí tí wọ́n fi ń wọn fọ́ltéèjì lórí wáyà náà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí gíríìdì wó lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé-iṣẹ́ TCN, tó ń bójú tó àwọn wáyà ńlá gíríìdì, ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n fi ń wọn káréǹtì ló bú gbàmù ní Jẹ́bbà. Ohun èlò ìwọ̀n tó ti gbó léwu fún gíríìdì ní ọ̀nà méjì: kò ní sọ òtítọ́ fún àwọn tó wà ní Òṣogbo, ó sì lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni ìjàǹbá yóò ti bẹ̀rẹ̀.

7.4 Ìwúwo ohun tó ń yí

Kí ló dé tí fíríkúẹ́ńsì kì í já sí òdo lójú ẹsẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ amúnáwá kan bá já kúrò? Torí pé irin tọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ ló ń yí nínú àwọn ẹ̀rọ tó kù, ohun tó wúwo tó sì ń sáré kì í dúró lẹ́ẹ̀kan. Wo tírélà tó kó tòmátò láti òkè ọya bọ̀ ní Mile 12: bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọkọ̀ náà ṣì máa yí lọ jìnnà kó tó rọlẹ̀, nígbà tí ọ̀kadà yóò ti dúró. Agbára tó wà nínú yíyí irin yìí là ń wọ̀n ní MW lọ́nà ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn MWs.

Bí fíríkúẹ́ńsì yóò ṣe yára já sí ní ìbẹ̀rẹ̀:
Hz ní ìṣẹ́jú-àáyá kan = (MW tó já × 50) ÷ (2 × agbára yíyí)

Ìṣirò 7.2. Ká ní àwọn ẹ̀rọ tó ń yí lórí gíríìdì kan tó 5,000 MVA (òṣùwọ̀n títóbi ẹ̀rọ iná), tí agbára yíyí inú ìkọ̀ọ̀kan sì tó láti gbé ẹrù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20,000 MWs. Bí 400 MW bá já kúrò:
(400 × 50) ÷ (2 × 20,000) = 0.5 Hz ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Láti 50 Hz dé 48.75 Hz yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.5, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe nǹkan kan. Bí ẹ̀rọ tó ń yí bá jẹ́ ìdajì, ìṣẹ́jú-àáyá 1.25 péré ni.

Kò sí ènìyàn tó lè gbé fóònù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì ààbọ̀. Nítorí náà, ohun tó lè gba gíríìdì là gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èkíní ni gọ́fánọ̀, ohun èlò tó ń ṣí gáàsì tàbí omi sí i fún tọ́báìnì nígbà tó bá rí i pé ìyípo ti ń falẹ̀. Òfin gíríìdì béèrè pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ amúnáwá jẹ́ kí gọ́fánọ̀ wọn máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni agbára ìpamọ́: kí àwọn ẹ̀rọ kan máa yí láìlo gbogbo okun wọn, kí wọ́n lè tú èyí tó kù sílẹ̀ lójijì. Níhìn-ín ni Nàìjíríà ti ń jìyà jù, lójú tèmi. Iná kò tó lò, nítorí náà ó ń dun gbogbo ènìyàn láti pa díẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gíríìdì tí kò ní ìpamọ́ kò lè fara da ìpàdánù ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan ní Ẹ̀gbin jẹ́ 220 MW. Gíríìdì tí kò ní 220 MW ní ìpamọ́ kò tíì múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ̀rọ kan bá kú.

Ọ̀nà mìíràn wà láti mú gíríìdì le: kí a so ó mọ́ ti aládùúgbò. Láti ọdún 2007 ni wáyà 330 kV ti wà láti Ìkẹjà Wẹ́sìtì dé Sákétẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n iná tó ń gba orí rẹ̀ kò sọ gíríìdì méjèèjì di ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n fi wákàtí mẹ́rin dán an wò kí gíríìdì Nàìjíríà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yòókù máa yí pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bí ìsopọ̀ náà bá fìdí múlẹ̀, irin tó ń yí ní ibi jíjìnnà yóò máa gba ìjàǹbá tiwa mọ́ra, àwa náà yóò sì máa gba tiwọn.

7.5 Wọ́n mú un dé, wọ́n tún mú un lọ

Ohun kan wà tí gbogbo ará Kétu mọ̀. Iná á lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á padà dé, àwọn ọmọdé á hó yèè, ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn rẹ̀ á tún lọ. Àwọn kan gbà pé ńṣe ni òṣìṣẹ́ ń fi wọ́n ṣeré. Àlàyé rẹ̀ wà nínú ohun tí a fi sílẹ̀ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iná bá wà bó ṣe yẹ, kì í ṣe gbogbo fíríìjì ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń sinmi, òmíràn ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn òkùnkùn wákàtí mẹ́wàá, gbogbo fíríìjì ti gbóná, gbogbo táńkì omi ti gbẹ, gbogbo bátìrì ínfátà ti kú. Gbogbo wọn ló máa dìde pọ̀. Mọ́tò fíríìjì àti ti ẹ̀rọ fífa omi sì máa ń fa káréǹtì tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ẹrù tí fídà bá pàdé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó gbé sílẹ̀. Ẹ̀rọ aṣọ́ rẹ̀ á gé e.

Àwọn tó ń tún gíríìdì gbé dìde lẹ́yìn ìwólulẹ̀ ń bá ìṣòro kan náà jà, ní ìwọ̀n ńlá. Ẹ̀rọ díẹ̀ ló ń yí, nítorí náà gíríìdì ṣì rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹrù tó pọ̀ lé e lójijì, á tún wó. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni gíríìdì ṣubú ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń tún un gbé dìde lọ́wọ́ ló tún ṣubú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

7.6 Agbára inú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ

Gbogbo ohun tí a ti sọ kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Fọ́ltéèjì yàtọ̀: ó yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráńsífọ́mà lè ní 226 V nígbà tí ẹni tó wà ní òpin wáyà, ní Àgbóyì tàbí Alápẹ́rẹ̀, ń ráhùn pé "ló káréǹtì" ni wọ́n mú wá. Fọ́ltéèjì tó lọ sílẹ̀ léwu fún mọ́tò ju gílóòbù lọ. Gílóòbù á kàn ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n mọ́tò inú yàrá tútù tí wọ́n ń kó èso sí ní ọjà Ìkòsí kò mọ̀ pé iná kò tó. Iṣẹ́ kan náà ló fẹ́ ṣe, nítorí náà á fa káréǹtì sí i, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á jó.

A lè wọn agbára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan: ká wọn fọ́ltéèjì rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù, ká tan ìkòkò omi gbígbóná, ká tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú káréǹtì tó ń lọ.

Ìṣirò 7.3. Nọ́mbà àpẹẹrẹ nìwọ̀nyí.
Ilé A, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráńsífọ́mà: 226 V wálẹ̀ sí 222 V nígbà tí 9 A ń lọ. Ìdíwọ́ ọ̀nà: 4 ÷ 9 = 0.44 Ω.
Ilé B, ní òpin wáyà: 212 V wálẹ̀ sí 200 V nígbà tí 8 A ń lọ. Ìdíwọ́ ọ̀nà: 12 ÷ 8 = 1.5 Ω.
Bí wáyà méjì bá kan ara wọn, káréǹtì tó máa sáré wá ní ilé A jẹ́ nǹkan bí 508 A. Ní ilé B, 212 ÷ 1.5 = 141 A.

Káréǹtì ìkanra yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára ojú kan lórí gíríìdì, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé ibùdó 330 kV. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ohun tó léwu ni a fi ń wọn agbára. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí káréǹtì púpọ̀ ti lè sáré wá ni ibi tí ẹrù kò ti lè fa fọ́ltéèjì wálẹ̀. Ewu ilé B kì í ṣe kékeré náà: 141 A lè má tó láti jó fíúsì orí tíráńsífọ́mà kíákíá, wáyà á sì máa gbóná lọ kí ohunkóhun tó gé e.

Ní ibùdó ńlá, a ń lo MVA. Tíráńsífọ́mà 15 MVA tí ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kò lè jẹ́ kí ìkanra kọjá 15 ÷ 0.10 = 150 MVA. Bí ẹnì kan bá fẹ́ so ẹ̀rọ sólà 5 MW mọ́ ojú ibẹ̀, pín 150 sí 5, o ó rí 30. Bí èsì irú ìpín bẹ́ẹ̀ bá kéré sí 3, ojú ibẹ̀ kò lágbára tó fún ẹ̀rọ náà.

7.7 Àkọsílẹ̀ òkùnkùn

Ìwọ̀n tó kù ni èyí tí oníbàárà lè ṣe fúnra rẹ̀. Ká ní òpópónà kan ní ilé 400. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fíúsì jó, ilé 60 wà nínú òkùnkùn fún wákàtí 30. Fídà tún kú, gbogbo ilé 400 pàdánù wákàtí 10. Àpapọ̀: 1,800 + 4,000 = 5,800. Pín in sí 400: wákàtí 14.5 ni ilé kan pàdánù bí a bá pín in dọ́gba. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fi owó kún iná àwọn oníbàárà tí wọ́n ń pè ní Band A, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ni ìlérí tó wà fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kò lè fi ẹ̀rí béèrè ohun tó sanwó fún.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bí gíríìdì tó le tó 575 MW fún 1 Hz bá wà ní 50 Hz, tí ẹ̀rọ Ẹ̀gbin kan tó ń mú 220 MW wá sì kú, fíríkúẹ́ńsì yóò dé ibo? Ṣé ó ṣì wà láàárín ohun tí òfin fẹ́ ní ọjọ́ tí nǹkan dára?

2. Tún Ìṣirò 7.2 ṣe pẹ̀lú 600 MW. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni gọ́fánọ̀ ní?

3. Ra mítà kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi fọ́ltéèjì àti Hz hàn. Kọ nọ́mbà méjèèjì sílẹ̀ ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà wo ni fọ́ltéèjì lọ sílẹ̀ jù? Ṣé Hz lọ sílẹ̀ nígbà kan náà, tàbí ó yàtọ̀? Ṣàlàyé ìdí. Má ṣe tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, má ṣe fọwọ́ kan wáyà tó là. Bí o bá fẹ́ wọn káréǹtì, pe onímọ̀ iná.

4. Nígbà tí iná bá tún lọ, kọ aago sílẹ̀, kí o wádìí bóyá fíúsì, fídà tàbí gíríìdì ni. Lẹ́yìn náà, yọ fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi kúrò lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o sì bẹ àwọn ará ilé àti aládùúgbò rẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.